Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Pa Àmì Mànàmáná Yẹn Mọ́ Yín Lójú

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, àti sìkirínì à-fọwọ́-tẹ̀ wálé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àmì mànàmáná kékeré tó ń yọ lókè sìkirínì, lápá ọ̀tún, kò já mọ́ nǹkan kan, pé òun mọ ìlà kan tí òun lè kọ tí kò fi ní yọ mọ́, ẹ gba ẹrù yín lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé. Inú ṣì ń bí mi, n ò ní purọ́.

Màmá mi ni mo ní kí wọ́n bá mi to ẹ̀rọ tí wọ́n á fi máa wo fídíò fún, ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Rímóòtù ti sú wọn. Bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n fóònù ò ṣòro fún wọn láti tẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá wo iye àdúrà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n wá ohun tí wọ́n á máa fọwọ́ tẹ̀. Raspberry Pi 3 ni, pẹ̀lú sìkirínì ínṣì 7. LibreELEC ni wọ́n bá wa fi sórí rẹ̀, ìyẹn Linux tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kó gbé Kodi, ètò tí a fi ń wo fídíò, jáde lọ: ẹ tan án, Kodi lẹ bá. Estuary ni aṣọ, ìyẹn ìrísí ojú sìkirínì, tí Kodi máa ń wọ̀ wá láti ilé, ti tẹlifíṣọ̀n ni, lẹ́tà rẹ̀ kéré jù fún ínṣì 7. Estouchy ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, torí ìka èèyàn ni wọ́n ṣe ìyẹn fún.

Èmi kọ́ ni mo tò ó o. Mo sanwó fún ẹni tó ní òun mọ̀ ọ́n, ní Adó. Kéèsì rẹ̀, ṣájà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló bá mi dì sínú páálí kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá ìjọ bá Màmá délé. Fídíò ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún Bàbá wà nínú háàdì-díìsìkì tí mo so mọ́ ọn. Bàbá ti relé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá yìí ò sì gbóhùn wọn látìgbà náà. Màmá fúnra wọn ló fìka tẹ àwòrán náà. Bàbá yọ nínú aṣọ òkè, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n gba maikirofóònù, wọ́n wúkọ́ díẹ̀. Gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin ará mi…”, sìkirínì bá ṣókùnkùn. Orúkọ LibreELEC yọ. Ìyá kan ní, “Ṣé ìpolówó ọjà ni?”

Màmá tún tẹ̀ ẹ́. Fìlà, maikirofóònù, ikọ́, òkùnkùn. Mo sún mọ́ ọn, mo fọwọ́ kan wáyà, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó tún tàn, kò dé ọ̀dọ̀ Kodi mọ́ rárá. Ìlà funfun lórí òkùnkùn, “Could not mount LABEL=STORAGE”, ló wá jókòó síbi tó yẹ kí ojú Bàbá wà.

Màmá ò sọ nǹkan kan sí mi. Wọ́n kọjú sáwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ká jẹun, iyán ń tutù.” Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Ọkọ àbúrò mi ní tirẹ̀ ò lè dákẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, DVD mà wà o.” Mo mọ̀ pé DVD wà. Ẹni tí DVD rẹ̀ ti há sínú ẹ̀rọ rí ló mọ ìdí tí mo fi sá fún un.

Àwọn kan ní iná ni. Kì í ṣe iná. Ìnfátà ló gbé wa, fáànù ń yí, gílóòbù ò ṣẹ́jú.

Lálẹ́, mo yọ kádì mẹ́mọ́rì tí LibreELEC wà lórí rẹ̀, mo kì í bọ léptọ́ọ̀pù, mo ṣí config.txt, fáìlì tí Pi máa ń ka ètò rẹ̀ nínú rẹ̀ bó bá ń tàn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí i: avoid_warnings=1. Bí iná tó ń wọ inú Pi bá ti lọ sílẹ̀ ju fóòtì 4.63 lọ, ó máa ń gbé mànàmáná yẹn sójú sìkirínì. Ìlà yìí kò fi kún iná, àmì nìkan ló ń fi pa mọ́, bí dẹ́rẹ́bà tó lẹ sẹlotéèpù mọ́ iná epo dáṣíbọọ̀dù. Mo pe ọmọkùnrin tó bá mi tò ó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àmì yẹn máa ń dí àwòrán lọ́wọ́ ni.”

Pi 3 ń fẹ́ ṣájà fóòtì 5, áńpíà 2.5. Ara rẹ̀ ni sìkirínì ti ń fa iná, ara rẹ̀ náà ni háàdì-díìsìkì ti ń fa tiẹ̀. Ṣájà fóònù ló fi gbé gbogbo wọn, “3A” ló wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì gùn. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ a máa jẹ fóòtì lójú ọ̀nà. Bí háàdì-díìsìkì bá ti sáré, iná á já, Pi á kú. Kíkú òjijì yẹn ló ba STORAGE jẹ́, ìyẹn apá kádì tí Kodi ń kọ nǹkan sí, ohun tí ìlà funfun yẹn ń sọ pé òun ò rí ṣí nìyẹn. Apá tí LibreELEC fúnra rẹ̀ wà, kíkà nìkan ni wọ́n máa ń kà á, wọn kì í kọ nǹkan sí i, ìdí nìyẹn tó fi ṣì ráàyè kọ lẹ́tà sí mi.

Mo ra ṣájà gidi, mo kọ kádì náà lákọ̀tun, ó ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ṣájà. Kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ wọlé sí i pẹ̀lú SSH, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ fi lè tẹ àṣẹ sí i láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ tẹ vcgencmd get_throttled. Bí ó bá dáhùn 0x0, ẹ dúpẹ́. Bí ẹ bá rí 0x50005, iná kò tó, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ṣájà. Háàdì-díìsìkì náà, ẹ fún un ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣájà kan náà ni mo tún ń sọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà kádì yín pamọ́, torí bí ṣájà bá tún ṣe yín báyìí, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ẹ sì kọ́ àwọn àgbà láti máa pa á nínú Kodi, kì í ṣe kí wọ́n fa wáyà yọ.

Ó kù kékeré kan tí wọ́n ń bi mí: bí àwòrán bá dorí kodò, lcd_rotate=2 nínú config.txt máa ń yí àwòrán àti ibi tí ìka ń tẹ̀ pa pọ̀. Àwọn ẹ̀yà LibreELEC tuntun tó ń lo KMS, ọ̀nà tuntun tí Linux ń gbà gbé àwòrán sójú sìkirínì, kì í ka ìlà yẹn sí. Èmi ní kí káfíńtà dojú férémù rẹ̀ kọ òkè, ó tán.