Ara ta nìyẹn?

Ìbéèrè tí Màmá bi mí láàárọ̀ yìí kò tíì kúrò létí mi. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, mo jókòó tì wọ́n, mò ń wo fọ́tò mi kan lórí fóònù, àfi bí wọ́n ṣe na ọrùn wò ó. "Àkànkẹ́, ara ta nìyẹn?"

Wọn ò bínú o. Ká ní wọ́n tiẹ̀ pariwo pé kí ni mo ń ya èjìká sílẹ̀ gbalasa fún, ǹ bá mọ èsì tí màá fọ̀. Mo ní, "Ara mi ni, Màmá." Wọ́n tún wò ó dáadáa, wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n," wọ́n bá ẹ̀gúsí wọn lọ.

Mo lọ sí ọjà Sábó, ata ti tún gbówó lórí. Òjò fẹ́ rọ̀, kò rọ̀. Iná ò wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ kúkú mọ fèrèsé yàrá mi, níbi tí mo ti ya fọ́tò yẹn. Láàárọ̀, oòrùn máa ń gba àárín irin rẹ̀ wọlé. Mo ró ìró dé àyà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para, èjìká mi òsì ń dán. Mi ò ya fọ́tò náà fún ẹnikẹ́ni. Ó dáa, mo yà á fún ẹnì kan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Mo gbé e sínú Lightroom, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, mo tẹ preset tí mo rà lóṣù tó kọjá, ìyẹn àtúnṣe tí ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ògiri yàrá mi tó ti ṣá wá mọ́lẹ̀ kedere, èmi náà di pupa rúsúrúsú. Àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà lápá mi láti kékeré pòórá.

Ara ta nìyẹn, lóòótọ́?

Preset ò mọ̀ mí rí. Ẹnì kan ló jókòó síbì kan, ó fa èyí sókè, ó fa tọ̀hún sílẹ̀ lórí fọ́tò tirẹ̀, ó wá kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́ tà. Ó gbé ìmọ́lẹ̀ Orange, ìyẹn àwọ̀ ọsàn, sókè, ó dín Texture, èyí tó ń mú kí àmì ara hàn, kù. Inú Orange yẹn náà sì ni awọ gbogbo wa wà, àti òyìnbó àti dúdú. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀ ṣá. Láyé fíìmù, fọ́tò obìnrin òyìnbó ni Kodak, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kámẹ́rà, ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n fi díwọ̀n àwọ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é. Àwa tá a dúdú, bó bá ṣe bọ́ sí ni. Ọdún 2021 ni Google tó gbé Real Tone jáde lórí fóònù wọn, Pixel 6, kí kámẹ́rà lè máa ya awọ dúdú bó ṣe rí. Èmi ò sì ní Pixel.

Àmọ́ fọ́tò yẹn wù mí. Ṣé kí n purọ́ ni? Ó wù mí ju èyí tí mi ò fọwọ́ kàn lọ. Owó mi ni mo fi rà á, ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, kí ló dé tí kò ní jẹ́ ara mi...

Lọ́sàn-án mo ya Màmá, mo sì fi preset kan náà sí i, mo kàn fẹ́ rí i ni. Gọ̀ǹbọ́ ojú wọn, tí ẹ lè fi ìka tọ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì, wá di tín-ín-tín bí ìlà tí ọmọdé fi pẹ́ńsù fà tó tún pa rẹ́. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mi ò lè fi hàn wọ́n. Mo dá Texture padà, ilà náà sì yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ṣe tèmi náà bẹ́ẹ̀. Àpá abẹ́rẹ́ jáde. Mo dá Orange padà, mo dúdú padà, ṣùgbọ́n ògiri náà tún ṣá padà! Orange kan náà ló ń darí èmi àti ògiri. Mo rẹ́rìn-ín títí, Màmá ní kí ló ṣe mí.

Fọ́tò mi méjèèjì, ti preset àti èyí tí mo dá padà, wà lórí fóònù báyìí. Mi ò tíì mọ èyí tí màá fi ránṣẹ́. Ẹni tí mo yà á fún ò sì tíì béèrè, láti ìjẹta. Bóyá ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú tí mo fi ń pariwo lé preset lórí.

Wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀ nílé kejì. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ bẹ̀ wọ́n kí n ki fóònù bọ iná.