Ojú kan ni Willie O'Ree fi gbá họ́kì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ orúkọ Willie O'Ree, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́: ọjọ́ 18 oṣù Kíní ọdún 1958, nígbà tó wọ pápá Montreal Forum pẹ̀lú ẹgbẹ́ Boston Bruins, tó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá họ́kì orí yìnyín nínú NHL, líìgì họ́kì tó ga jù lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ọjọ́ ńlá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ irú eléré tí ọkùnrin yìí jẹ́, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú náà ti fọ́ kó tó dé Montreal, kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn ọ̀gá Bruins tó mọ̀.

Fredericton ní ìpínlẹ̀ New Brunswick, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1935. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ilé tí ọmọ pọ̀ sí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ bàtà onírin tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín, nígbà tó sì fi máa pé márùn-ún, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn mìíràn díje. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá púpọ̀, eré sísá sì ni gbogbo àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi mọ̀ ọ́n. Apá òsì pápá ló ń gbá. Ọwọ́ òsì náà ló sì fi ń gbá, ìyẹn ni pé ẹnu ọ̀pá tó fi ń gbá họ́kì máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ara rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ dúró lé.

Ní sáà 1954-55 ó wà pẹ̀lú Quebec Frontenacs. Phil Watson, tí òun fúnra rẹ̀ ti gbá nínú NHL rí, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, òun ló sì sọ fún O'Ree pé ó lè di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò dé líìgì ńlá. Sáà tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Kitchener Canucks ní Ontario. Níbẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ó dúró níwájú ilé alátakò nígbà tí wọ́n gbá puck, ìyẹn ohun tí wọ́n ń gbá nínú họ́kì dípò bọ́ọ̀lù, kíkankíkan láti ẹ̀yìn. Puck náà ha ohun kan lọ́nà, ó yà, ó sì bà á lójú ọ̀tún. Rọ́bà líle ni puck. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.6, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 2.5, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà láàárín gíráàmù 156 sí 170. Wọ́n máa ń fi í sínú ẹ̀rọ amú-nǹkan-dì kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kó má bàa máa ta sókè, nítorí náà bí òkúta ló ṣe ń bà èèyàn. Ó fọ́ imú O'Ree, ó fọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ba awọ tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ẹyinjú jẹ́, èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ fún ọpọlọ. Egungun máa ń jiná. Awọ yẹn kò jiná. Dókítà sọ fún un pé ojú náà ti lọ, kó má ronú họ́kì mọ́.

Láyé ìgbà náà, ó ṣọ̀wọ́n kí eléré dé akoto, ká má tilẹ̀ wá sọ ìbòjú. Àwọn aṣọ́lé pàápàá kì í bojú. Ọdún 1959 ni Jacques Plante tó ń ṣọ́lé fún Montreal bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbòjú nígbà gbogbo. Ó di 1979 kí NHL tó sọ akoto di dandan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó sì di 2013 kí wọ́n tó sọ ìbòjú oníke di dandan fún wọn. Ojú tó fọ́ láàárín àkókò yẹn kò kéré.

Ní nǹkan bí oṣù méjì, O'Ree ti padà sórí yìnyín. Àwọn tí kò gbá họ́kì rí lè má mọ bí ohun tó ṣe yìí ti ṣòro tó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ojú méjèèjì kì í wo nǹkan láti ibi kan náà. Ọpọlọ máa ń fi ohun tí ọ̀kan rí wé ti èkejì, ibẹ̀ ló sì ti ń mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Bí ojú kan bá lọ, èèyàn ní láti máa wo bí nǹkan ṣe ń tóbi tàbí ń kéré, òjìji rẹ̀, àti bó ṣe ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ń rìn. Ọpọlọ lè kọ́ èyí, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò. Puck tó ń bọ̀ tààrà síni ló burú jù, torí kì í sún sọ́tùn-ún tàbí sósì. Títóbi nìkan ló ń tóbi sí i, nígbà tí ojú kan bá sì fi máa rí i pé ó ti tóbi, ó ti dé. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ńṣe ni puck O'Ree ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dín kù rárá, ìfojúsùn ló ṣáko.

Èkejì ni ibi tó dúró sí. Pápá họ́kì NHL gùn tó mítà 61, ó fẹ̀ tó mítà 26, pátákó sì yí i ká. Ẹni tó bá ń gbá apá òsì, pátákó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, puck tí wọ́n fẹ́ fún un, ẹni tó fẹ́ wá gbá a lulẹ̀, ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀tún gan-an sì ni O'Ree kò ti ríran. Kó tó lè rí puck tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, ó ní láti yí ọrùn títí ojú òsì rẹ̀ yóò fi máa wo orí èjìká ọ̀tún, bó ti ń sáré lọ síwájú. Bí ọrùn bá ti yí báyẹn, kò rí iwájú mọ́. Iwájú yẹn sì ni agbèjà alátakò tó wúwo tó kìlógíráàmù 90 ti ń bọ̀ wá fi èjìká gbá a mọ́ pátákó, òfin họ́kì sì gbà á láyè. Bó bá kọ̀ láti yí ọrùn, puck á kọjá lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀ láìmọ̀. Ìyà méjì ni, ọ̀kan ló ní láti yàn ní gbogbo ìgbà.

Kò sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin NHL kò gba ẹni tí ojú rẹ̀ kan fọ́ láyè láti gbá, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ náà bá tú síta, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Lónìí kò ní ṣeé fi pa mọ́. Ẹ wo ti Bryan Berard, agbèjà Toronto tí ọ̀pá Marian Hossa gbá lójú ọ̀tún ní oṣù Kẹta ọdún 2000. Kí líìgì tó gbà á padà, ojú náà ní láti dé ìwọ̀n 20/400, ìyẹn ni pé ohun tí olójú pípé ń rí ní ẹsẹ̀ bàtà 400, kí tirẹ̀ rí i ní 20. Iṣẹ́ abẹ lóríṣiríṣi àti gíláàsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú ni Berard fi dé ìwọ̀n náà, ó sì gbá nínú NHL títí di 2008. Ojú ọ̀tún O'Ree kò lè yege nínú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Bruins kò ṣe àyẹ̀wò ojú fún un, ibẹ̀ ló gbà wọlé.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Milwaukee Braves, ẹgbẹ́ beesibọọlu, pè é wá sí àgọ́ ìdánwò wọn ní Waycross ní Georgia lọ́dún 1956. Ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun ṣì le koko níbẹ̀. Wọn kò mú un, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló jókòó sí níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń sún síwájú díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń súnmọ́ àríwá. Láti ìgbà náà, họ́kì nìkan ló kù.

Quebec Aces, lábẹ́ Punch Imlach, ló gbà á gẹ́gẹ́ bí eléré tó ń gbowó ní sáà 1956-57, láti ibẹ̀ sì ni Bruins ti pè é lọ́dún 1958. Bruins borí Montreal 3-0 lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò gbá góòlù, ìdíje méjì péré ló gbá, wọ́n dá a padà. Ó yẹ kí a rántí Herb Carnegie níbí. Aláwọ̀ dúdú ni, ó mọ họ́kì ju ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú NHL nígbà ayé rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1948 New York Rangers fi àyè lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ wọn ni, ó sì kọ̀ ọ́. Àìmọ̀-ọ́n-gbá kọ́ ló dènà àwọn tó ṣáájú O'Ree.

Sáà 1960-61 ni O'Ree gbá nínú NHL dáadáa: ìdíje 43, góòlù 4, ìrànlọ́wọ́ sí góòlù 10. Góòlù àkọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ kìíní ọdún 1961, Montreal náà ló gbá a sí, òun sì ni góòlù tó fún Boston ní ìṣẹ́gun 3-2. Àwọn kan máa ń wo góòlù mẹ́rin yìí, wọ́n á ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò gbà. Ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ló wà nínú NHL nígbà yẹn, àyè tó wà fún àwọn eléré kò sì ju bí 120 lọ ní gbogbo ayé. Ọkùnrin tí kò rí ẹ̀gbẹ́ tí puck ti ń bọ̀ di ọ̀kan nínú àyè wọ̀nyẹn mú fún odidi sáà, tí àwọn alátakò àti òǹwòran sì ń fi àwọ̀ rẹ̀ bú u láti pápá dé pápá. Ní Chicago, Eric Nesterenko ti ìdí ọ̀pá bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín iwájú méjì ká, imú fọ́. O'Ree fi ọ̀pá tirẹ̀ dá a lóhùn, ìjà ńlá sì bẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn sáà náà Boston gbé e fún Montreal, Montreal náà kò lò ó, wọ́n tà á fún Los Angeles Blades nínú líìgì WHL, ìyẹn Western Hockey League. Kò padà sí NHL mọ́. Ìdíje 45 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ ti ń dákẹ́ nìyí, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ sì ti dùn. WHL kì í ṣe líìgì ọmọdé. Portland, Seattle, Vancouver àti San Francisco wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá níbẹ̀ ì bá sì wà nínú NHL ká ní ẹgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Àwọn agbá-apá-òsì pọ̀ jù nínú Blades, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Alf Pike, sì ní kí O'Ree lọ gbá apá ọ̀tún. Pike kò mọ̀ pé ojú rẹ̀ kan kò ríran. Kò mọ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìṣòro ọdún mẹ́jọ ni.

Lápá ọ̀tún, pátákó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó fọ́, ibi tí kò sí ohun tó fẹ́ wò. Gbogbo pápá bọ́ sọ́wọ́ òsì, níwájú ojú tó ríran. Ọrùn kò ní láti yí mọ́. Ó ní ohun tí ìyípadà náà ná an, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń gbá lọ́wọ́ òsì, bó bá wà lápá ọ̀tún, ẹ̀yìn ọ̀pá ni yóò fi máa gba puck tó bá ti àárín wá, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀pá tẹ̀ síwájú, kì í tẹ̀ sẹ́yìn, puck sì rọrùn láti ta kúrò lára rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ọwọ́ ìsàlẹ̀ dẹ̀ díẹ̀ nígbà tí puck bá kan ọ̀pá, kí ọ̀pá bá a rìn sẹ́yìn dípò kó dúró gan-an. Gbígbé puck kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó náà á nira sí i. Èrè rẹ̀ ni igun tó fi ń gbá sílé: ẹnu ọ̀pá wà níhà àárín pápá, nítorí náà bó bá yà wọ inú, àwọ̀n ṣí sílẹ̀ fún un ju bó ṣe máa ń rí láti apá òsì lọ.

Ní sáà 1964-65, góòlù 38 ló gbá. Ó tún gbá 38 ní sáà 1968-69, nígbà tó ti wà pẹ̀lú San Diego Gulls. Ẹni ọdún 33 ni nígbà náà. Sáà mẹ́rin ló fi gbá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú WHL. Nígbà tí NHL fẹ̀ láti ẹgbẹ́ mẹ́fà sí méjìlá lọ́dún 1967, kò sí ẹgbẹ́ tuntun kankan tó mú un. WHL kógbá sílé lọ́dún 1974, ọdún kan náà tí Mike Marson wọ Washington Capitals tó sì di aláwọ̀ dúdú kejì nínú NHL. Ọdún mẹ́tàlá kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Ní sáà 1978-79 O'Ree ṣì tún gbá fún San Diego Hawks, ẹni ọdún 43.

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló ṣe lẹ́yìn náà, títí kan ti Hotel del Coronado nítòsí San Diego. Ọdún 1998 ni NHL pè é kó wá máa bá àwọn ọmọdé tí họ́kì kì í dé ọ̀dọ̀ wọn ṣiṣẹ́. Gbọ̀ngàn Olókìkí họ́kì gbà á wọlé lọ́dún 2018, Boston sì yọ nọ́ńbà 22 rẹ̀ kúrò lára àwọn jẹ́sì wọn lọ́jọ́ 18 oṣù Kíní ọdún 2022. Inú ìsọ̀rí àwọn tó kọ́ eré náà ró ni Gbọ̀ngàn fi í sí, kì í ṣe ti àwọn tó gbá a. Mo mọ ìdí rẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe fún àwọn ọmọdé tóbi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn èyí, kó jọ̀wọ́ ṣí ìwé WHL, kó sì kọ góòlù 38 méjèèjì yẹn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ góòlù mẹ́rin ti Boston.