Omi tí màámi ò dá mọ̀

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Bódìjà níbí, wọ́n sì ti mú iná láti ìrọ̀lẹ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù nìkan ni mo ń lò báyìí, torí náà mo fẹ́ tètè kọ eléyìí kó tó kú.

Àná ni mo lọ ya fọ́tò Olúmirin, omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Mo ti kúrò n'Íbàdàn kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gba Ifẹ̀, mo gba Iléṣà, nígbà tí mo fi máa débẹ̀ ìkùukùu ti bo gbogbo ojú ọ̀run, inú mi dùn gan-an ni. Àwọn èèyàn máa ń rò pé oòrùn ló dáa fún fọ́tò, rárá o, tó bá jẹ́ omi tó ń já láti orí àpáta lo fẹ́ yà, oòrùn lọ̀tá ẹ. Ibi tó bá kàn lára omi á funfun báláú, ìdí àpáta á ṣókùnkùn biribiri, kámẹ́rà ò sì lè gbé méjèèjì pọ̀. Funfun tó bá ti jóná báyẹn, kò sí ẹdíìtì tó lè mú un padà, torí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́.

Ìpele méje ni Olúmirin ní, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i ní 1140. Èmi ò kọjá ìpele kejì, ẹrù ò jẹ́: kámẹ́rà, tírípọ́ọ̀dù, fíltà méjì (gíláàsì tí wọ́n ń dé mọ́ ojú lẹ́ǹsì), àti síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tí mo fi ń nu lẹ́ǹsì. Síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Omi yẹn ń fọ́n wínníwínní síta, kó o tó ka ení èjì ẹ̀ta ó ti kán sí ojú lẹ́ǹsì, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á sì di àbàwọ́n roboto kan lára fọ́tò. Ṣe ni mò ń nù ún, màá fi ọwọ́ bò ó, màá dúró kí atẹ́gùn rọlẹ̀, màá ṣí ọwọ́, màá tẹ̀ ẹ́, màá tún nù ún.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí omi jọ omi. Tí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ wọ kámẹ́rà, bá yá jù, bíi 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá, ṣe ló máa dà bíi gíláàsì tó fọ́ sójú ọ̀run. Tó bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá 4 tàbí 5, á di òwú. Ojú èèyàn ò rí ìkankan nínú méjèèjì. Mo gbìyànjú oríṣiríṣi, 1/4 ló tẹ́ mi lọ́rùn, ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó), f/11 (bí ojú lẹ́ǹsì ṣe là tó), pẹ̀lú fíltà dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, o ṣì ń rí ibi tí omi ti pín sí méjì lórí àpáta, o sì ń rí ìrìn ẹ̀. Fíltà kejì, èyí tí wọ́n máa ń yí, òun ló yọ dídán kúrò lára ewé tó tutù, tí àwọ̀ wọn gan-an fi jáde. Àmọ́ ewé ò dúró, atẹ́gùn tí omi yẹn ń tì jáde ń mì ín ṣáá, ní 1/4 ó ti di kùrukùru. Mo bá yọ fíltà dúdú, mo gbé ISO lọ sí 800, mo ya ọ̀kan sí i ní 1/125 kí n lè fi ewé ti ibẹ̀ bo ojú èyí tó bàjẹ́. Àwọn kan á ní irọ́ nìyẹn. Mi ò gbà. Nígbà tí mo dúró níbẹ̀, mo rí ewé yẹn kedere, títí kan ọ̀kan níwájú tí kòkòrò ti jẹ létí.

Ìdí ẹdíìtì ni mo ti ṣìnà. Ó ti rẹ̀ mí lálẹ́ àná, fáìlì RAW, èyí tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, sì máa ń rí ṣákálá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ni mo bá fa kọ́lọ̀ ewé sókè, mo fa clarity, èyí tó ń mú kí ojú nǹkan hàn ketekete, sókè, mo jẹ́ kí omi búlúù. Ó wù mí nígbà yẹn.

Láàárọ̀ yìí mo gbé e han màámi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, apá ibẹ̀ ni wọ́n ti dàgbà. Wọ́n wá awò ojú wọn, wọ́n wò ó títí.

"Níbo lèyí?"

Mo ní, "Ẹ̀rìn ni, mà."

"Ẹ̀rìn wo? Omi wa ò rí báyìí. Ewé wo ló ń tàn bí ike báyìí?"

Ó dùn mí. Àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ.

Mo da gbogbo ẹ̀ nù, mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìkùukùu àti ìbòòji máa ń sọ nǹkan di búlúù, torí náà mo gbé temperature, èyí tó ń fa àwọ̀ sápá búlúù tàbí yẹ́lò, lọ sí 5,900, títí ibi tí omi ti ń hó fi funfun lásán. Mo fa highlights, ìyẹn ibi tó mọ́lẹ̀ jù, wálẹ̀ kí ìlà omi lè hàn, mi ò fi clarity kan omi rárá. Ewé tí wọ́n pè ní ike, mo dín kọ́lọ̀ ẹ̀ kù, mo tì í díẹ̀ sápá yẹ́lò, torí ewé igbó wa kì í ṣe irú kan ṣoṣo, ti àtijọ́ wà níbẹ̀, ti tuntun wà níbẹ̀. Odò ìsàlẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi tíì tí wọn ò tíì da mílíìkì sí, òjò ló fọ yẹ̀pẹ̀ wọ̀ ọ́, àná mo ti pa á rẹ́, lónìí mo fi sílẹ̀. Òkùnkùn ìdí àpáta náà, mo fi sílẹ̀, ẹni tó dúró níbẹ̀ ò rí inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pa láptọ́ọ̀pù dé, mo lọ jẹ àmàlà, torí ojú máa ń mọ́ kọ́lọ̀ lára, tó o bá jókòó tì í pẹ́, àpọ̀jù á máa dà bíi pé ó tọ́. Nígbà tí mo dé, mo rí i pé ewé ṣì pọ̀ jù. Mo tún dín in.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó gbé e padà lọ bá wọn, lórí fóònù. Wọn ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n na ìka sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, sórí òkúta pẹrẹsẹ kan tí èmi ò tiẹ̀ kíyè sí.

"Ibí yìí. Orí ẹ̀ la máa ń sá aṣọ sí."

Wọ́n ní kí n jẹ́ kí fóònù náà wà lọ́wọ́ àwọn ná. Ọ̀dọ̀ wọn ló ṣì wà.