Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nígbà tí mo ń wá ilé fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn kan nínú yín ti ń bi mí tipẹ́ pé báwo lèmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ṣe ń ṣe é, tá a fi ń gba ọmọ tá ò mọ̀ rí láti Kòlómbìà sílé wa ní Houston níbí, ọmọ ọdún 11, ọdún 13, ọdún 15, tí wọn ò gbọ́ Òyìnbó, ká má tíì wá sọ Yorùbá, tá a ó máa bá wọn gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó padà. Mo ti ń sún ọ̀rọ̀ yìí síwájú torí ó wúwo lọ́kàn mi, àmọ́ ọmọ mìíràn ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, ẹni tó máa gbà á ṣọmọ sì lè wà láàárín ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Ní Kòlómbìà, iléeṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń jẹ́ ICBF, láti 1968 ló ti wà, àwọn ló ń mójú tó ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Àwọn ọmọ kan wà níbẹ̀ tí òfin ti ní kí wọ́n wá òbí tuntun fún àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè wọn, torí pé wọ́n ti dàgbà, tàbí torí pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n pínyà, tàbí torí pé ara wọn ò dá. Irú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń yàn pé kí wọ́n wá lo ìsinmi lókè òkun, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ wọ́n, bóyá ìdílé kan á gbà wọ́n ṣọmọ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí iléèwé bá gbà ìsinmi ńlá tàbí nígbà Kérésì, físà àlejò ni wọ́n fi ń wọlé, ọjọ́ tí wọ́n dá ni wọ́n ń padà, kò sí àfikún ọjọ́ kan. Ẹ ò tiẹ̀ lè pe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní òrukàn bá a ṣe mọ òrukàn nílé, ìyá ń bẹ láyé, bàbá ń bẹ níbì kan, ìjọba ló ti gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà mọ̀. Ẹ má bi í o, tó bá fẹ́ sọ ọ́ fúnra ẹ̀ ẹ gbọ́.

Àṣà gbígba ọmọ lálejò báyìí ti pẹ́. Lẹ́yìn tí Chernobyl, ibi tí wọ́n ti ń fi agbára átọ́míìkì ṣe iná mànàmáná ní Ukraine, bú gbàmù lọ́dún 1986, àwọn ìdílé ní Ítálì àti Ireland bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ Belarus àti Ukraine sílé kí wọ́n lè mí afẹ́fẹ́ tó mọ́ kí wọ́n sì jẹun dáadáa, àwọn kan lára ọmọ yẹn ò sì ní ilé kankan tí wọ́n máa padà sí ju ilé ìjọba lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún mọ́mì mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n dákẹ́ lórí fóònù, wọ́n ní, "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kí lẹ fẹ́ tún kọ́ ọ?" Mi ò bá wọn jiyàn, ìyá mi ni wọ́n, ohun tí gbogbo èèyàn ń rò ni wọ́n sọ, òun náà ló sì fà á tí àwọn ọmọ yìí fi wà níbi tí wọ́n wà. Àmọ́ mo rán wọn létí ilé ìyá ìyá mi, ilé tí wọ́n ti tọ́ àwọn fúnra wọn dàgbà, ṣé ọmọ ìkókó làwọn ọmọ ẹbí tí wọ́n ń kó wá síbẹ̀ láti oko ni? Àwọn mìíràn ti ń hu irun abíyá kí wọ́n tó dé. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, mo ní mọ́mì, ọmọ tuntun nìkan kọ́ lorí ẹ̀ ń wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n bá àwọn kí wọn.

Àwọn tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ọmọ ọdún 13 àti àbúrò ẹ̀ obìnrin ọmọ ọdún 11. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ nípa wọn kò ju ojú ewé méjì lọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọkùnrin náà máa ń tètè bínú, pé kì í gbọ́rọ̀ sí olùtọ́jú lẹ́nu. Ẹ̀rù bà mí, mi ò parọ́. Ohun tí mo wá rí nílé mi ni pé ọmọ yẹn kì í jẹun títí àbúrò ẹ̀ á fi jẹun yó. Tó bá jẹ tán á mú búrẹ́dì méjì, á fi sábẹ́ pílò, àárọ̀ kejì ni màá rí i tó ti le gan-an. Àwọn tó kọ ìwé yẹn ò purọ́, inú máa ń bí i lóòótọ́, ọjọ́ tí mo ní kí àbúrò ẹ̀ lọ sùn láìjẹ́ pé ó parí oúnjẹ ni mo rí ìbínú náà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kò jẹ́ kí n kọjá. Ìwé sọ pé ó ń bínú, kò sọ ohun tó ń bí i nínú.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé kí n ṣe ìyá fún wọn ni, kí n gbé wọn lọ wo òkun ní Galveston, kí n ra aṣọ. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ohun tí ọmọ yẹn ò ní láyé yìí ni ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n, tó lè jókòó níwájú ẹlòmíì kó sọ pé mo bá a gbé, mo mọ bó ṣe ń jí, mo mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Mo ra ìwé kékeré kan, gbogbo alẹ́ ni mò ń kọ ohun tí mo rí sínú ẹ̀, tó dáa tí ò dáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọmọ lálejò, ohun àkọ́kọ́ tí màá bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, lẹ́tà méjì ni mo kọ nípa wọn, ọ̀kan tí gbogbo èèyàn lè kà, èkejì tó jẹ́ pé ìdílé tó ti pinnu nìkan la máa fún. Àṣírí ọmọ ò yẹ kó máa rìn kiri, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó fẹ́ gbà á kò gbọ́dọ̀ gbà á ní òkùnkùn. Ẹ má sì gbé ojú wọn sórí Facebook, kẹ́ ẹ tó fi fọ́tò kankan síta ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹjẹ́ńsì tó ṣètò bí ọmọ ṣe wá.

Wàyí o, àṣìṣe tí mo ṣe. Kó tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n lọ, ọmọkùnrin náà tẹ ọ̀rọ̀ sínú Google Translate, ó gbé fóònù sí mi lójú, ó ní Tía (àǹtí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀), ṣé màá padà wá? Ojú tó fi ń wò mí, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wàá padà wá. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀ o, wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ gbígbà ṣọmọ rárá. Oṣù kejì lẹ́yìn tí wọ́n lọ, sóṣà wọ́kà, òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó wọn, pè wá pé ọmọ náà ò fẹ́ lọ síléèwé mọ́, ó ti fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní bàtà àti bọ́ọ̀lù ẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Houston, kí ni òun tún fẹ́ fi iléèwé ṣe. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn débi pé ọkọ mi ló gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Tí ọmọ bá bi yín, ẹ sọ fún un pé inú yín dùn pé ó wá, ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀. Ìlérí tẹ́ ẹ bá ṣe fún un, ọmọ náà ló máa san án.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tẹ́yin fúnra yín ò gbà wọ́n. Kíndìnrín ọkọ mi ò dáa, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, nígbà tá a ṣe home study (àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nípa ilé àti ìdílé ẹni tó fẹ́ gbọmọ), wọ́n ní a lè gbàlejò, pé ti gbígbà ṣọmọ ó dìgbà tí ara bá yá. Ó dùn mí gan-an. Ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbájú mọ́ wíwá ẹlòmíì.

Bí mo ṣe wá a, àkọ́kọ́ mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mú àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró níwájú, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, àwọn ìyá kan sunkún, ojú ti ọmọkùnrin yẹn débi pé ó wo ilẹ̀ títí a fi délé. Mi ò tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé, ọmọ kì í ṣe ọjà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e làwa àtàwọn èèyàn kan jọ dáná jẹun níta, mo ń dín dòdò, ni ọmọkùnrin náà bá wò mí bí ẹni pé mo ń ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n wá dúdú ẹ̀ tí ò tíì pọ́n, ó gé e sí ègé tó nípọn, ó dín in, ó fi ìdí ife tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ó tún dín in lẹ́ẹ̀kejì, patacón ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará etí òkun Kòlómbìà ni wọ́n, iṣu gan-an wọ́n mọ̀ ọ́n, ñame lorúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ tí mo gúnyán àbúrò ẹ̀ jẹ ẹ́ ju ọmọ tèmi lọ. Èèyàn kún ìdí ìkòkò epo yẹn, kò sẹ́ni tó ń káàánú ẹ̀, patacón ni wọ́n ń tọrọ. Ọkùnrin kan tó ń ṣe mẹkáníìkì, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dúró tì í, ó ń bá a tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bíi wákàtí kan.

Àwọn tó sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́nì kan nínú wọn tó pè. Ìyàwó mẹkáníìkì ló pè. Ohun tó bi mí ni pé kí ni nọ́ńbà bàtà wọn, ṣé àbúrò lè sùn nínú òkùnkùn, eyín wọn ńkọ́. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá ń bi mí nípa bàtà àti eyín ni mò ń fetí sí.

Ìwé ṣíṣe wá ńkọ́, ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́. Ọjọ́ orí ni ọ̀tá yín. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi fóọ̀mù I-800 (ìwé tí ẹni tó fẹ́ gbọmọ fi ń tọrọ àṣẹ ìjọba fún ọmọ náà) sílẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 16, àfi tó bá ní àbúrò tí ìdílé kan náà ń gbà, ìgbà yẹn ẹ̀gbọ́n lè tó ọdún 18 díẹ̀ kù.  Kòlómbìà ní tiwọn, ẹni tó fẹ́ gbọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 25, kó sì fi ọdún 15 ju ọmọ náà lọ, òfin 2006 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún máa lọ gbé lọ́hùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ilé ẹjọ́ tó parí ẹ̀. Owó ẹ̀ pọ̀, àmọ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń yọ lára owó orí tẹ́ ẹ bá gbọmọ, lọ́dún 2024 ó lè tó 16,810 dọ́là lórí ọmọ kan, ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí. Tó bá ti parí, tí ọmọ bá ti fi físà IH-3 (ti ọmọ tí wọ́n ti parí gbígbà rẹ̀ lókè òkun) wọlé, ọmọ Amẹ́ríkà ni lójú ẹsẹ̀. Lápapọ̀ ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ló gba ìdílé mẹkáníìkì kí wọ́n tó gba ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn ṣọmọ.

Àwọn tó ń bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà, ìbéèrè gidi ni. Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn Hague ti 1993, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣètò gbígba ọmọ láti ilẹ̀ òkèèrè, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀, ọ̀nà ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kó lọ rí lọ́yà tó mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ sọ ti ọmọbìnrin mìíràn tó wá lẹ́yìn wọn. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó wá sọ́dọ̀ wa lóṣù Kẹfà, oṣù Kọkànlá ló máa pé 16, kò ní àbúrò. Ó mọ irun dì, òun ló ń di irun ọmọ mi obìnrin, wọ́n á jókòó sórí ilẹ̀ wọ́n á máa kọrin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdílé lẹ́yìn tó dé, bí mo ṣe ṣe tàwọn ti àkọ́kọ́, mo rò pé àyè wà. Àyè ò sí. Ìdílé kan ní Dallas fẹ́ ẹ gan-an, àmọ́ home study wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sí bó ṣe lè bá oṣù Kọkànlá. Ká ní oṣù Kejì ni mo ti ń pariwo orúkọ ẹ̀, bóyá. Mi ò tíì dárí ji ara mi. Ó ti lé ní ọdún 18 báyìí, ICBF ṣì ń ràn án lọ́wọ́ torí pé ó ń kàwé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́, iṣẹ́ tèmi náà. Ó máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú, ó ṣì ń pè mí ní Tía.

Ilẹ̀kùn yìí ń há sí i o. Lọ́dún 2004, ọmọ tí wọ́n gbà ṣọmọ láti ilẹ̀ òkèèrè wá sí Amẹ́ríkà ju 22,000 lọ, lọ́dún 2023 kò tó 1,300. Rọ́ṣíà ti tì í látọdún 2013, Ṣáínà tì í lọ́dún 2024, ogun ò jẹ́ kí ti Ukraine ṣeé ṣe. Ní Kòlómbìà ó ṣì ṣí.

Ọmọ tó ń bọ̀ lóṣù Kejìlá yìí, láti oṣù Kẹjọ ni mo ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gbà kí n sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 14 ni, òun nìkan ni. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n ní ó dákẹ́ jù, àti pé ẹṣin ló máa ń yà sínú gbogbo ìwé ẹ̀, àní ìwé ìṣirò. Tí ẹnì kan nínú yín bá mọ ẹni tó ní ẹṣin ní Texas níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi.