Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ní Sendai, odidi ọ̀rọ̀ ní Leeds: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń múra àtilọ kàwé lókè òkun, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń wo ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Monbukagakusho tí ìjọba Jàpáànì ti ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè láti ọdún 1954. Àwọn mìíràn ń wo ABE Initiative, ètò ẹ̀kọ́ tí Jàpáànì kéde fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní ọdún 2013. Àwọn tó kù sì ti gbé ojú lé Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà tàbí Jámánì. Sendai, ní àríwá ìlà-oòrùn Jàpáànì, ni mo ti kàwé kí n tó lọ ṣiṣẹ́ ní Leeds, ní Ìlú Ọba. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò sí nínú ìwé ìtọ́ni tí yunifásítì máa ń fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Òun ni pé ní Jàpáànì, ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ló ni ẹrù àtilóye rẹ̀. Ní ilẹ̀ Òyìnbó, orí ẹni tó ń sọ ọ́ ni ẹrù náà wà. Ìyàtọ̀ kan yìí ló bí púpọ̀ nínú ohun tí yóò máa yà yín lẹ́nu lójoojúmọ́.

Àwa la máa ń wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ará Jàpáànì tí kò gbọ́ Yorùbá rí ń fi òwe yìí gbé ayé ju àwa tó ń pa á lọ. Bí ẹ bá bi ọ̀jọ̀gbọ́n yín bóyá ẹ lè lo ẹ̀rọ kan ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tó bá fa èémí gba àárín eyín, tó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó wá ní "ó máa le díẹ̀", ó ti dá yín lóhùn. Kò ṣeé ṣe nìyẹn, kò sì ní là á mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá tún padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì, tó ní ṣé ó ti wá rọrùn báyìí, ń fi ipá mú un tú ohun tó ti rọra dì. Bákan náà ni "a ó gbé e yẹ̀ wò". Bí ilé iṣẹ́ kan bá sọ ọ́ fún yín lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọn kò sì dá ọjọ́ kankan, ẹ máa wá ibòmíràn lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó kàwé ní Jámánì rí ìdàkejì èyí. Wọ́n sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé ìṣirò rẹ̀ kò tọ̀nà, wọ́n tọ́ka sí ìlà tó ti ṣì í, lẹ́yìn náà ni ẹni tó sọ ọ́ pè é pé kí wọ́n jọ lọ jẹun ọ̀sán. Ojú ọ̀tá ló fi ń wò ó fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni náà kò ní ohunkóhun sí i nínú. Ìṣirò ló bá wí. Ní Ìlú Ọba, àárín méjèèjì ni wọ́n wà: wọ́n á yin iṣẹ́ yín ní gbólóhùn méjì, ẹ̀yìn ìyìn náà ni ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ tún ṣe máa ń wà. Ẹ gbọ́ ọ dé ìparí.

Àwọn kan á sọ fún yín pé Jàpáànì yóò rọrùn fún ọmọ Yorùbá nítorí pé wọ́n ń tẹríba, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gba káàdì ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, tí wọ́n á sì ka orúkọ orí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Àmọ́ nínú yàrá ìwádìí, ọjọ́ tí ènìyàn wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, ọjọ́ orí tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún 22 tí ẹ bá níbẹ̀ ni senpai yín, ìyẹn ẹni tó ṣáájú yín wọlé, bí ẹ̀yin tilẹ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá dàgbà nínú agbo ilé kò ní ṣàì mọ èyí: ìyàwó tó wọlé lónìí kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń fà, orúkọ àpọ́nlé ló máa wá fún un. Ojú yẹn ni kí ẹ fi wo senpai. Òun ló máa fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà hàn yín, òun ló máa kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ àti ọjọ́ tí gbogbo yín ń gbá yàrá. Ẹ má fo ó kọjá lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ohun kékeré.

Ní Leeds, ọ̀gá mi, obìnrin tó ju ìyá mi lọ́jọ́ orí, ní kí n máa pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an. Ẹnu ọmọ Yorùbá wo ni yóò yá sí i? Síbẹ̀, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ti bẹ̀ yín pé kí ẹ fi oyè sílẹ̀, tí ẹ kò fi í sílẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ń ta á nù. Ẹ má sì kó àṣà yìí lọ sí Jámánì láìbéèrè, torí oyè ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì níyì púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tiwọn tí wọ́n fi ń bá àgbà àti àlejò sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń lo "ẹ". Àgbà ló máa ń ní kí a fi í sílẹ̀, ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹ máa da gbogbo wọn pọ̀ sínú "Òyìnbó" kan ṣoṣo.

Orí ọ̀rọ̀ ìpàdé ni mo fẹ́ dúró sí jù, nítorí mo ti rí ọmọ wa tó mọ̀wé dáadáa tí ìpàdé sọ di aláìmọ̀kan lójú àwọn ẹlòmíràn. Ní Jàpáànì, ọ̀rọ̀ ti máa ń parí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní àbá yóò ti lọ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nídìí tábìlì rẹ̀ tàbí níbi tí wọ́n ti ń mu tíì, á gbọ́ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú, á tún àbá náà ṣe, á tún padà lọ. Ìwé á wá máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì, oníkálukú á tẹ òǹtẹ̀ pupa rẹ̀ sí i. Ní ọdún 2020, mínísítà Kono Taro gbógun ti òǹtẹ̀ yìí nínú ìwé ìjọba, ó sì ti dínkù gan-an níbẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà àtilọ bá oníkálukú ṣáájú kò tíì kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dé inú ìpàdé tí ẹ ṣàdéédéé gbé àbá tuntun kalẹ̀, gbogbo yàrá á dákẹ́. Àbá náà lè dára gidigidi. Àmọ́ ẹ ti fi wọ́n sí ibi tí wọn kò ti lè fọhùn láìdójú ti ẹnì kan. Ẹ ti máa lọ bá senpai yín ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì béèrè ta ló tún yẹ kó gbọ́.

Ní Leeds, inú ìpàdé gan-an ni wọ́n ti ń jà á. Ẹni tó bá jókòó tó dákẹ́ títí wọ́n fi túká, wọ́n á gbà pé kò ní èrò kankan. Àwa tí wọ́n tọ́ pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà la máa ń jìyà èyí jù. Bákan náà ni ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ kíláàsì ló ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mo máa ń kọ ìbéèrè kan sílẹ̀ láti ilé, mo sì máa ń bi í ní kùtù ìpàdé kí àyà mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ kejì kì í le mọ́. Ẹ lè sọ pé ẹ kò gbà pẹ̀lú ọ̀gá yín, kí ẹ ṣáà mú ìdí lọ́wọ́.

Jíjábọ̀ iṣẹ́ náà yàtọ̀. Ní Jàpáànì, wọ́n á kọ́ yín láti máa ròyìn gbogbo ohun tó ń lọ, kí ẹ máa sọ bí nǹkan bá yí padà, kí ẹ sì máa béèrè kí ẹ tó pinnu. Ìròyìn kékeré lójoojúmọ́ ń fi ọkàn ọ̀gá balẹ̀. Ní Leeds, ìròyìn ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀ ń jọ pé ẹ kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Ohun tí ọ̀gá ń fẹ́ ni àbájáde, àti pé kí ẹ tètè sọ bí ó bá fẹ́ bàjẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2017, ọkọ̀ ojú irin Tsukuba Express kan kúrò ní ibùdó Minami-Nagareyama ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 ṣáájú àkókò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà gbé ìwé jáde láti tọrọ àforíjì. Àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Òyìnbó gbé e kiri fún ìyanu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé Jàpáànì mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹni tí nǹkan dùn tó la ẹnu. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀bẹ̀ lè di ẹ̀rí nílé ẹjọ́, débi pé àwọn ìpínlẹ̀ kan, Massachusetts láti ọdún 1986, ti ṣe òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó bá kẹ́dùn pẹ̀lú ẹni tó fara pa. Nítorí náà, bí ẹnì kan níbẹ̀ kò bá tètè sọ pé "ẹ forí jì mí", ẹ má yára pè é ní ọ̀dájú.

Pàǹtí ni yóò kọ́kọ́ dán yín wò ní Jàpáànì. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ń kó èyí tó ṣeé jó yàtọ̀ sí ọjọ́ ike, ọjọ́ ìgò àti agolo yàtọ̀ sí ọjọ́ bébà. Ní Kamikatsu, ìlú kékeré kan ní agbègbè Tokushima, ọ̀nà tí wọ́n ń ṣà á sí lé ní 40. Bí ẹ bá ṣe é láìtọ́, ẹnikẹ́ni kò ní pariwo lé yín lórí. Wọ́n á lẹ bébà mọ́ báàgì náà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ níbi tí ẹ gbé e sí kí gbogbo àdúgbò rí i. Ní ìgboro, ẹ lè rìn títí láìrí ibi tí ẹ lè ju ọ̀rá sí. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kan ti da gáàsì olóró sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Tókíò ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1995 ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ohun ìdalẹ̀sí kúrò níta. Oníkálukú ń gbé ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sílé. Ẹ máa fi báàgì kékeré kan sápò. Ti Leeds kò tó báyìí rárá, ohun ìdalẹ̀sí dúdú àti aláwọ̀ ewé ni ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀.

Ní ilé oúnjẹ, ẹ má fi owó ẹ̀bùn sílẹ̀ ní Jàpáànì. Ẹni tó gbé oúnjẹ fún yín lè sáré tẹ̀lé yín, á rò pé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá fi ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ ti jẹ agbáwo níyà, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ gba ọ̀gá láyè láti san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún un láti ọdún 1991, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún un. Ó tún yà mí lẹ́nu pé Jàpáànì tó dákẹ́ rọ́rọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, níbi tí fóònù kì í ti í dún, ni wọ́n ti ń ké pe agbáwo tantan láti orí àga, tí ẹnikẹ́ni kò sì bínú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ri igi ìjẹun yín mọ́ inú ìrẹsì ní òòró láé. Oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú òkú ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹ̀yin Kristẹni, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ 25 oṣù kejìlá ní Jàpáànì. Ọdún tuntun ni ẹbí ń péjọ. Ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ ojú irin kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì, nítorí náà ẹ rìnrìn àjò yín ṣáájú.

Ó ku lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ó bá jẹ́ ti Jàpáànì, ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó hàn pé ẹ ti ka iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó béèrè bóyá ó lè gbà yín. Bí ó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tìfẹ́tìfẹ́, tó yin ìwádìí yín, ṣùgbọ́n tí kò sọ nǹkan kan nípa gbígbà yín, ẹ dúpẹ́ padà, kí ẹ sì kọ sí ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ti Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá ní ìlà méjì àkọ́kọ́, ẹ so ìwé ẹ̀rí yín mọ́ ọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ tún kọ. Wọn kò ní kà á sí àrífín.