Jíìpù tó ń rẹ̀ lójú òkè: láti Àkúrẹ́ sí Ìkàrẹ́

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni a dé òkè Akùngbá nígbà tí jíìpù wa ṣàdédé rọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀ńjìnnì kò kú, kò sì pariwo. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́. Mo tẹná títí tí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, síbẹ̀ láti jíà kẹta ni mo ti já sí ìkejì, tí mo ń wọ́ lọ bí ìgbín, tí àwọn ọlọ́kadà sì ń yà mí sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin yìí mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń dúró sí, nítorí pé bíréèkì ti já mọ́ àwọn ọkọ̀ àjàgbé lọ́wọ́ níbẹ̀ rí, ẹ̀mí sì ti bá a lọ. Nígbà tí mo wo dígí ẹ̀yìn, èéfín dúdú ti bo ọkọ̀ tó tẹ̀ lé wa. Ìyá mi, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, tí a jọ ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n.

Mo rí ibi tó fẹ̀ díẹ̀, mo yà sí i, mo pa ọkọ̀, mo sì dúró fún bí ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí mo tún un tan, ó gun ìyókù òkè náà bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe é rí. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn, nítorí pé àìsàn tó máa ń sá pamọ́ bí ó bá ti rí oníṣègùn ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín oṣù kan. Ọ̀nà Ìdànrè ni méjì àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo ń kó kòkó bọ̀ láti oko. Ní ojú ọ̀nà tó tẹ́jú, láti Àkúrẹ́ gba Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ títí dé Ọ̀wọ̀, mo lè sáré bí mo ṣe fẹ́ láìsí wàhálà. Epo ni mo kọ́kọ́ fura sí, bí gbogbo ẹni tó ń ra dísù ní ilẹ̀ yìí ṣe máa ń ṣe. Mo tú omi tó ń rọ̀ sí ìdí fílítà dànù, mo sì pààrọ̀ fílítà náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí nǹkan kan padà.

Lọ́jọ́ kejì tí a padà sí Àkúrẹ́, rewáyà kan fi ẹ̀rọ sikánà yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà wò. Nọ́ńbà àṣìṣe kan, P0299, ni ó rí, ó sì sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé tọ́bò ti kú, kí n lọ wá owó òmíràn. Ó kù díẹ̀ kí n gbà á gbọ́. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ kò ju pé afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì sínú ẹ̀ńjìnnì kò tó iye tí kọ̀ǹpútà ń retí. Kò dárúkọ ẹni tó jí afẹ́fẹ́ náà gbé.

Ọ̀gá mẹkáníìkì àgbàlagbà kan wà ní ìhà Ọ̀nà Oǹdó tó ti ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Tíṣà, irú èéfín wo ló ń tú nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́?”

“Dúdú ni, ọ̀gá.”

“Ẹ má bá dísù jà mọ́ nígbà náà. Bí epo bá wọ́n ẹ̀ńjìnnì, kí ló fẹ́ fi ṣe èéfín dúdú? Epo ń wọlé o, afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó ni kò tó.”

Mo fẹ́ kó yẹ ọkọ̀ náà wò níbi tó dúró sí, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó ní ẹ̀ńjìnnì tí kò gbé ẹrù, irọ́ ni yóò pa fún wa. Ó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kó àpò yẹ̀pẹ̀ mẹ́wàá sí ẹ̀yìn, ó sì fi ọ̀kan nínú wọn jókòó ti sikánà tó yá lọ́wọ́ ẹnìkan, ni a bá kọrí sí ọ̀nà Ìdànrè. Èmi ni mo wa ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, ohun tí sikánà fi hàn fi díẹ̀ dín sí 100 kPa, èyí tí í ṣe ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ ìta lásán fi ń tì. Ní ojú òkè, kọ̀ǹpútà ń bèèrè fún nǹkan bí 200, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀gá, 130! Kò kúrò lójú 130!” Láàárín ariwo ẹ̀ńjìnnì ni a ti gbọ́ ohùn tíńrín kan, ṣíìì, bí ìgbà tí taya ń jò, lẹ́yìn náà ni agbára ọkọ̀ lọ. Ọ̀gá ṣàlàyé fún mi pé bí kọ̀ǹpútà bá rí i pé afẹ́fẹ́ kò tó fún ìgbà díẹ̀, yóò dín epo kù kí ẹ̀ńjìnnì má baà bàjẹ́, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí tí a ó fi pa ọkọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí ìsinmi ìṣẹ́jú méjì fi ń wò ó sàn.

Nígbà tí a padà dé, ó kọ́kọ́ tú róbà ẹnu tọ́bò, ó fi ìka méjì mi ọ̀pá inú rẹ̀ sókè sódò. Kò mì, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò sì ha ara ilé rẹ̀. Tọ́bò kò kú rárá. Ó wá fi ìdérí oníke dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó sì so ọ̀pá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọ́káníṣà tó wà ládùúgbò mọ́ ọn, ó ń kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kò gbọdọ̀ kọjá 15 psi lórí géèjì, kó má baà bẹ́ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ó ń ta omi ọṣẹ sí ara róbà kọ̀ọ̀kan.

Ojú òkè àwọn róbà náà mọ́ tónítóní. Lábẹ́ èyí tó lọ láti tọ́bò sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń tutù ni ìfòfò ti hó yọ, ní ibi tí róbà ti ń ha irin tó gbé e dúró. Ó ní kí n na ọwọ́ síbẹ̀. Òróró àti eruku ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, lẹ́yìn náà ni ìlà kan tó gùn tó ìka ọwọ́ mi. Bí a kò bá fi afẹ́fẹ́ sí i, ńṣe ni ìlà náà ń pa ẹnu dé tí ènìyàn kò ní rí i. Bí mo ṣe fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó la ẹnu bí ẹja.

Róbà àti kílíìpù méjì ni mo rà. Owó wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí rewáyà pe tọ́bò. Ọ̀gá gé awẹ́ táyà àtijọ́ kan, ó fi wé ara irin náà kó má baà tún máa ha èyí tuntun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún gbé ìyá mi lọ sí Ìkàrẹ́, pẹ̀lú àpò ìrẹsì méjì àti àwọn ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn. Jíà kẹta ni mo fi gun òkè Akùngbá láti ìsàlẹ̀ dé orí, èéfín kò sì bo ẹnikẹ́ni lẹ́yìn wa. Nígbà tí a dé ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kí n tó kí ẹnikẹ́ni dáadáa, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo na ọwọ́ sí abẹ́ róbà náà. Gbígbẹ ni mo bá a.