Ọkọ̀ tí a kọ orúkọ bàbá sí lára

Ẹ̀yin àbúrò mi,

Mo ti ka ètò ayẹyẹ tí ẹ fẹ́ ṣe fún ìyá wa, ẹni tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé nínú ẹgbẹ́ awakọ̀ ojú omi wa, létí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ ti mú ọjọ́, ẹ ti gba gbọ̀ngàn, ẹ tilẹ̀ ti ka iye ìgò wáìnì. Nítorí pé oṣù yìí ló pé 20 ọdún tí mo kọ́kọ́ di àjẹ̀ mú ní ìlú yìí, mo gbà pé ó tọ́ kí n sọ ohun mẹ́ta fún yín.

Èkíní ni pé kí ẹ wo ìgbà tí omi yóò kún kí ẹ tó dá wákàtí, nítorí pé Thames a máa gun ojú títì ní Putney, àdúgbò etí odò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni pé kí ẹ wádìí iṣẹ́ tí ẹni náà ṣe ní tòótọ́, kí ẹ má kàn ka ife-ẹ̀yẹ inú àpótí dígí. Níbí ni mo ti kọsẹ̀.

Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, a fẹ́ bu ọlá fún bàbá kan tó ti lo 41 ọdún láàárín wa. Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ gba ife. Àtúnṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìtì igi bá dá ọkọ̀ lára lójú omi, òun ni yóò họ ojú ibẹ̀, tí yóò lẹ̀ ẹ́, tí yóò sì kùn ún. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ kan wà tí a fi pákó kédárì kàn, tó dàgbà jù mí lọ, tí bàbá ti pààrọ̀ pákó rẹ̀ títí a fi lè sọ pé òun gan-an ló kàn án. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn ni ẹ ó ti bá a, pẹ̀lú ife tíì lórí àga.

Ìgbìmọ̀ pinnu pé kí a ra ọkọ̀ tuntun, irú tí wọ́n fi carbon fibre (fọ́nrán kábọ́ọ̀nù tó fúyẹ́, tó sì le) ṣe, kí a sì kọ orúkọ bàbá sí i lára. Owó kò pé. Èmi ni mo dábàá pé kí a ta ọkọ̀ pákó náà, nítorí pé ó ti di ọdún mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti gbé e wọ omi kẹ́yìn. Ilé ọtí kan rà á, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n sì gbé e kọ́ sí àjà fún ẹ̀ṣọ́. Àwa mẹ́ta la buwọ́ lùwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tèmi nìkan ni wọ́n ń dá nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. N kò tíì gbàgbé ìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, mo ka ìwé ìyìn olójú-ewé mẹ́ta, a da wáìnì sí imú ọkọ̀ tuntun, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wọ ilé ọkọ̀ lọ láti mú kóòtù rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ lé e, mo bá a níwájú irin tí a máa ń gbé ọkọ̀ pákó náà lé, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin tó ṣófo. Ó bi mí pé, "Ta ni ẹ gbé e fún kó tún un ṣe?"

Kò bínú sí mi lójú. Ṣùgbọ́n kò gbé irinṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa mọ́.

Ní Ẹ̀pẹ́ tí a ti bí mi, ẹni tó ń wakọ̀ a máa kọjú sí ibi tó ń lọ. Níbí, ẹ̀yìn la kọ sí i, atukọ̀, ẹni tó ń darí ọkọ̀ láìwa àjẹ̀, nìkan ló ń ríwájú. Èmi ni mo tukọ̀ ètò yẹn, ojú mi sì wà lórí bébà.

Ẹ tún wo òkúta Steve Fairbairn, ará Ọsirélíà tó dá Head of the River, ìdíje ọkọ̀ àjẹ̀ lórí Thames, sílẹ̀ ní 1926. Etí omi ni wọ́n rì í mọ́, ní máìlì kan gérégé sí òkúta Putney tí ìdíje Oxford àti Cambridge ti ń bẹ̀rẹ̀, àwa awakọ̀ sì ń fi í wọn ìrìn wa títí di òní. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí ọkùnrin náà fi ayé rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀kẹta ti fò mí lórí. Ìyá wa ní ìwé kékeré kan tó ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó kọ́ sí. Ẹ lọ bá a lọ́jọ́ Àìkú kí ó tó ti ilé ọkọ̀, kí ẹ tọrọ ìwé náà, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà.